Orúkọ Kan Tí Kò Jáde

Àjọkẹ́, Ọ̀kín ọmọ Ọlọ́fà Mojò. Adúmáadán ọmọ téló. Abẹ́rẹ́ kékeré tí kì í ṣe mímì fún adìẹ. A-bá-irin-sọ̀rọ̀-kí-irin-dáhùn. Ọmọ tí mo bí, tí mo sì padà di akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. Àjọkẹ́, ọ̀rẹ́ bàbá rẹ̀, sùn re o. Kí Ọlọ́run fi Àlùjáńnà onídẹ̀ra kẹ́ ọ.

Orúkọ tí àlùfáà pè ọ́ ní ọjọ́ kẹjọ, mi ò ní kọ ọ́ síbí, oríkì rẹ ti tó. Orúkọ ẹnikẹ́ni kò ní sí nínú ìwé yìí. Kì í ṣe pé mo gbàgbé o. Gbogbo Asawase, àdúgbò wa ní Kumasi ní Ghana, ló mọ̀ pé èmi kì í gbàgbé orúkọ. Tí wọ́n bá ń wá ẹni tó ti kó kúrò ní àdúgbò Alabar láti ọjọ́ pípẹ́, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ń wá bèèrè. N ó sọ orúkọ rẹ̀, n ó sọ ti ìyá rẹ̀, n ó sọ èyí tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi ń bú u. Àmọ́ kí a máa to orúkọ alààyè sínú ìwé ọ̀fọ̀, ojú mi kò gbà á.

Kíláàsì kẹta ni mo wà nígbà tí ìjọba ní kí gbogbo àwa tí bàbá wa kì í ṣe ọmọ Ghana palẹ̀ mọ́. A gun lọ́rì lọ sí Ọ̀fà, ìlú tí mi ò rí rí, tí gbogbo ènìyàn ń sọ fún mi pé ìlú mi ni. Ọdún méjì ni mo lò ní ilé-ìwé níbẹ̀, ibẹ̀ ni mo ti kọ́ Yorùbá tí mo ń kọ yìí. Nígbà tí a padà sí Kumasi, bàbá mi ní ìwé ti tó, ó fà mí lé téló kan lọ́wọ́ ní Alabar. Nítorí náà, ẹ má wá òyìnbó lẹ́nu mi. Mo mọ lẹ́tà, mo lè pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ohun tí wọ́n bá parapọ̀ wí ni mi ò kì í sábà gbọ́.

Láti kékeré ni ọmọ yìí ti máa ń tú nǹkan. Yóò jókòó sábẹ́ maṣíìnì mi, yóò máa ṣa òwú, yóò sì fi abẹ́fẹ́lẹ́ tú àkísà tí mo bá jù sílẹ̀. Ìyá rẹ̀ á ní, "Ìwọ ọmọ yìí, kí lo ń wá nínú àkísà?" Á ní, "Mo fẹ́ rí ibi tí Bàbá ti bẹ̀rẹ̀." Nígbà tó ń lọ sí sẹ́kọ́ńdìrì ní Tafo, ó máa ń wọ trotro láàárọ̀, èmi á dúró sí ẹ̀bá títì títí ọkọ̀ á fi yí kọ́nà. Mo ṣì ń rí ọwọ́ rẹ̀ lójú wíńdò.

Lẹ́yìn tó jáde yunifásítì, tí àwọn ènìyàn bá bi mí ní iṣẹ́ tó ń ṣe, n ó ní, "Kọ̀ǹpútà ni," bí ẹni ń sọ pé ọjà ló ń ná. Ìgbà tí ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kú ni mo tó mọ ohun tó ń ṣe gan-an.

Àtọ̀gbẹ ni. Ó ti wà lára rẹ̀ tipẹ́, ó kọ́kọ́ mú kíndìnrín, ó wá mú ojú. Ó fi yàrá tó gbà sílẹ̀, ó padà sọ́dọ̀ mi ní Asawase, àwa méjì péré ló kù nílé, torí ìyá rẹ̀ ti ṣáájú wa lọ. Lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ni a ń wọ takisí lọ sí ọsibítù kí wọ́n fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ọjọ́ tó bá kù, fàráńdà ni a máa ń wà, èmi nídìí maṣíìnì, òun lórí àga onírọ̀gbọ̀kú, kọ̀ǹpútà lórí itan rẹ̀, imú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan sìkírínì.

"Bàbá," ó ní, "àwọn lẹ́tà yìí ti di èèrà. Wọ́n ń rìn."

"Kí lo tilẹ̀ ń wò níbẹ̀ tí kò lè dúró di ọ̀la?"

"Tí ẹ bá fẹ́ mọ bí téló mìíràn ṣe rán kóòtù, kí lẹ máa ń ṣe?"

"N ó tú u."

"Èmi náà ń tú u ni."

Ó wá là á yé mi. Ó ní àwọn tó ń fi iṣẹ́ rán kọ̀ǹpútà, èdè tí ènìyàn lè kà ni wọ́n fi ń kọ ọ́. Kọ̀ǹpútà kò gbọ́ èdè yẹn. Ògbufọ̀ kan ló wà láàárín tó ń sọ ọ́ di èdè irin. Iṣẹ́ ògbufọ̀ yẹn ni òun àti àwọn kan ń tọ́jú, àwọn tí wọ́n wà káàkiri ayé, tí wọn ò rí ara wọn rí, tí wọ́n kàn ń kọ̀wé síra wọn. Bí ògbufọ̀ bá parí, kò sí ẹni tó lè mọ bóyá ó rán an dáadáa àfi kí a ní kó tú ojú rírán sílẹ̀ ká wò ó. Iṣẹ́ kékeré kọ̀ọ̀kan nínú rẹ̀ sì ní orúkọ, bí aṣọ ṣe ní ọrùn, tó ní apá, tó ní àpò. O ó dárúkọ èyí tí o fẹ́ wò, òun nìkan ni yóò sì tú fún ọ.

"Ó dáa. Kí ló wá ń dà ọ́ láàmú?"

"Ọ̀kan wà níbẹ̀, Bàbá. Ó ń falẹ̀, àwọn ènìyàn ń ráhùn. Mo mọ̀ pé ògbufọ̀ ti ṣe é. Àmọ́ tí a bá ní kó tú u fún wa, kì í jáde. Mo kọ̀wé sí wọn pé àléébù wà. Ẹni tó dáhùn ní ògbufọ̀ kò ṣe é rárá, ìdí nìyẹn tí kò fi jáde. Ó ní bóyá mi ò wò ó dáadáa."

Ẹni yẹn kò mọ̀ pé ojú ń dùn ún. Mo ní kó sọ fún un. Ó yí ojú sí ògiri.

"Tí mo bá sọ fún un, á gbà fún mi torí àánú. Mi ò fẹ́ àánú. Mo fẹ́ kó gbà pé òótọ́ ni mo rí, kí ojú yìí tó kú tán. Ìyẹn nìkan ló kù tí mò ń wá, Bàbá. Ẹ yá mi lójú yín."

Bàbá wo ló máa sọ pé rárá? Mo bo maṣíìnì mi, mo fa àpótí súnmọ́ ọn.

Ohun àkọ́kọ́ tó kọ́ mi ni ìràwọ̀. Ó ní àwọn orúkọ yẹn gùn, orúkọ ilé wọn ń ṣáájú, tiwọn ń tẹ̀ lé e, ènìyàn kò lè máa kọ ọ́ tán. Nítorí náà, a máa ń fi ìràwọ̀ kékeré kan dípò èyí tí a kò fẹ́ kọ. Ìràwọ̀ yẹn, ohunkóhun ló dúró fún.

Mo ní, "Bíi kí n dúró lójúde kí n ní kí gbogbo ẹni tí orúkọ rẹ̀ parí sí Ìbejì jáde? Ìyá Ìbejì á jáde, Bàbá Ìbejì á jáde?"

"Ẹ̀gbọ́n Ìbejì náà á jáde. Bàbá, ẹ ti gbà á!"

Àwọn tí òun ń wá, List ló parí orúkọ wọn. Ó ní kí n tẹ ìràwọ̀, kí n tẹ lẹ́tà mẹ́rin yẹn tẹ̀ lé e, kí n tó wá tẹ bọ́tìnì ńlá ọwọ́ ọ̀tún. Mo tẹ ìràwọ̀. Ìka mi, ìka téló tó ti nípọn, ló bá lọ bá bọ́tìnì ńlá.

Ha! Sìkírínì bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Orúkọ ń tú jáde, nọ́ńbà ń tẹ̀ lé e, orúkọ mìíràn, nọ́ńbà mìíràn, kò dúró. Mo gbé ọwọ́ méjèèjì sókè bí ẹni tí ọlọ́pàá mú.

Hajia tó ń din kóósé, àkàrà àwọn Hausa, lódìkejì àgbàlá wa rí mi. Yorùbá bíi tiwa ni, àmọ́ Kumasi ni wọ́n bí i sí, kò lè sọ gbólóhùn méjì kó má fi Twi kan sí i. "Bàbá Téló! Ɛdeɛn nie? Kí lẹ ṣe fún ẹ̀rọ ọmọ ọlọ́mọ?"

"Mo kàn pe ẹnìkan ni."

"Ẹ pe ta?"

Ọmọ mi ló dá a lóhùn. "Ó pe gbogbo ìlú, Hajia. Ó ní kí gbogbo wọn jáde."

"Ah! Wọ́n sì gbọ́? Èmi tí mò ń pe ọkọ mi láti àná, kò tíì dáhùn."

Ọmọ mi rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ẹ̀rín yẹn. Ìtìjú tó mú mi, mo gbàgbé rẹ̀.

Mo ní, "Kí ni n ó ṣe kí wọ́n padà?"

"Wọn kì í padà. Wọ́n ti jáde náà nìyẹn. Ó dáa, ẹ máa bá mi wò wọ́n. Èyí tí List bá parí rẹ̀, ẹ kà á sí mi létí."

Ọjọ́ Mọ́ńdè nìyẹn, lẹ́yìn tí a ti ọsibítù dé. Títí di Wẹ́sìdeè ni a fi ń kà á. Bí mo bá rántí ọjọ́ mẹ́ta yẹn, ó máa ń dà bíi pé n ó tún jí bá wọn. A ó mu kókó, ògì àwọn Hausa, a ó jẹ kóósé Hajia, n ó fi rúlà igi tí mo fi ń gé aṣọ lé abẹ́ ìlà kí ojú mi má baà fò. Tí wọ́n bá pe ìrun Àìlà, n ó dìde, n ó padà wá. Lẹ́tà kan wà tí wọn kò kọ́ wa ní Ọ̀fà, èyí tó rí roboto tó la ẹnu, kò sí nínú a, b, d tiwa. Mo ń pè é ní Ìkọ́, torí ó jọ ìkọ́ tí mo ń rán mọ́ ẹ̀yìn búláùsì. Ọmọ mi gbà bẹ́ẹ̀. "Ìkọ́, o, p, y," n ó ní, òun náà á ní, "Ìkọ́, o, p, y, mo ti gbọ́," ojú rẹ̀ á wà ní dídì, oòrùn á wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Mi ò mọ ohun tí ọ̀kankan nínú àwọn orúkọ yẹn ń ṣe láyé. Àmọ́ orúkọ ni wọ́n. Bí mo ṣe ń pè wọ́n ni wọ́n ń wọlé sí mi lórí.

Ní Tọ́sìdeè, ó ní ká wá pè wọ́n bó ṣe yẹ. Mo rọra tẹ ìràwọ̀, mo tẹ lẹ́tà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo fi ọwọ́ òsì di ọwọ́ ọ̀tún mú kí n tó tẹ bọ́tìnì ńlá. Àwọn díẹ̀ jáde. Mo kà wọ́n fún un. Nígbà tí mo parí, mo tún padà kà wọ́n láti òkè. Ara mi kò lélẹ̀.

"Bàbá, kí ló dé?"

"Ẹnìkan kò wá."

"Báwo?"

"Mọ́kànlá ni mo kà fún ọ láti ọjọ́ Mọ́ńdè tí List parí orúkọ wọn. Mẹ́wàá ló wà níbí. Ìkọ́-o-p-y kò wá."

Ó ń dìde bọ̀ lórí àga. "Ẹ kà á tán fún mi."

"Ìkọ́, o, p, y. List. T, o. List." copyListToList ni o. Ọjọ́ Túsìdeè, lẹ́yìn Àìlà, ni mo rí i.

Ó di ọwọ́ mi mú. Èyí tó ń wá gan-an nìyẹn. Ògbufọ̀ ti ṣe é, a rí i pẹ̀lú gbogbo nọ́ńbà rẹ̀ ní ọjọ́ tí mo ṣèèṣì pe gbogbo ìlú. Ẹni tó kọ̀wé sí i ti pe "àwọn tó parí sí List", kò rí i, ó sì gbà pé kò sí. Kò sí ẹni tó máa ń pe gbogbo ìlú torí pé ó ń wá ẹnìkan.

"Oṣù méjì ni mo fi ń wá àléébù níbi tí wọ́n ti ń tú u," ó ní. "Ọ̀dọ̀ ẹni tó ń pe orúkọ ló wà. Àmọ́ báwo ni List á ṣe parí orúkọ rẹ̀, tí apeorúkọ kò ní mọ̀?"

Kò bi mí o, ara rẹ̀ ló ń bi. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ bọ́ sí mi lẹ́nu. Mo sọ fún un nípa màmá kan ní Alabar nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́. Ìbejì ni òun fúnra rẹ̀, ó tún wá bí ìbejì, gbogbo ènìyàn sì ń pè é ní Ìbejì Ìyá Ìbejì. Bí wọ́n bá ń pín ẹran Iléyá, bàbá tó ń pín in á ní kí gbogbo ẹni tí orúkọ rẹ̀ parí sí Ìbejì bọ́ síwájú kó sọ orúkọ. Màmá yìí á bẹ̀rẹ̀: "Ìbejì..." Bàbá yẹn á ní, "Ìbejì ti dé, orúkọ rẹ kò sì tíì parí? Kì í ṣe ìwọ. Bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́." Kò ní dúró gbọ́ pé Ìbejì mìíràn ń bọ̀ níwájú. Lọ́dọọdún ni màmá yẹn ń gbé abọ́ òfìfo lọ sílé. Oníwàdùwàdù ni bàbá yẹn, kí Ọlọ́run dárí jì í, mo mọ orúkọ rẹ̀.

Ọmọ mi kò rẹ́rìn-ín. "Bàbá, ẹ tún un sọ."

Mo tún un sọ.

"Ó rí List àkọ́kọ́," ó ní wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, "ó rí i pé orúkọ kò tíì parí, ó ní kì í ṣe òun. Kò wo iwájú."

Ó ní kí n wá ojú ibi tí wọ́n ti kọ bí apeorúkọ yóò ṣe máa pè. Mo ń ka ìlà kọ̀ọ̀kan ní lẹ́tà ní lẹ́tà, òun ń sọ pé "rárá", "rárá", títí tó fi ní, "Ẹ dúró. Ibẹ̀ ni." Ó gba kọ̀ǹpútà. Ìka rẹ̀ kò nílò ojú. Ó tẹ ìlà mẹ́rin tàbí márùn-ún. Ó ní òun ti sọ fún un pé tó bá rí List kan tí orúkọ kò tíì tán, kó má lé ẹni náà lọ, kó máa wo iwájú títí dé òpin.

Mo tún tẹ ìràwọ̀ àti lẹ́tà mẹ́rin. Mo kà. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì.

"Mọ́kànlá," mo ní. "Ìkọ́-o-p-y ti dé. Òun ni wọ́n tilẹ̀ fi ṣáájú."

Igbe tí mo ké ló mú Hajia fi epo sílẹ̀ lórí iná. "Ẹ̀yin méjèèjì, mepa mo kyɛw, mo bẹ̀ yín, ẹ má pa mí! Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú," ọmọ mi ní. "Ẹnìkan dé ni."

Ó kọ gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí wọn lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀ ẹ́. Ní Sátidé, kò lè jókòó sí fàráńdà mọ́. Lẹ́yìn tí a ti ọsibítù dé ní ọjọ́ Mọ́ńdè, ó ní òun kò rí fèrèsé mọ́, pé ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ nìkan ni òun ń rí. Bí mo bá ti wọlé, ìbéèrè kan ló ń bi mí. "Wọ́n ti dáhùn?" N ó ṣí kọ̀ǹpútà bó ṣe kọ́ mi. N ó ní, "Wọn ò tíì dáhùn, Àjọkẹ́." Á ní, "To," ìyẹn "ó dáa", bí àwọn Hausa ṣe ń sọ ọ́, á yí padà. Mo gbàdúrà tí mi ò gbà rí nígbà yẹn. Mo ní, Ọlọ́run, mi ò bẹ̀ ọ́ fún ẹ̀mí gígùn mọ́, o mọ ohun tí o ń ṣe. Jẹ́ kí ẹni yẹn kọ̀wé.

Wẹ́sìdeè ló kọ̀wé. Mo jókòó sẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì, mo kà á ní lẹ́tà ní lẹ́tà, mi ò sì mọ ohun tí mò ń kà. Ojú ọmọ mi ni mò ń wò kí n lè mọ̀ bóyá rere ni. Ó ń pa lẹ́tà pọ̀ di ọ̀rọ̀, ètè rẹ̀ ń mì. Nígbà tó yá, ó sọ ọ́ fún mi ní Yorùbá.

"Ó ní òótọ́ ni. Ó ní wọ́n ti gbà á, ó ti wọlé sínú iṣẹ́. Ó ní, 'Àwa ni a kò wò ó dáadáa.'"

"Ṣé ẹni àkọ́kọ́ yẹn náà ni?"

"Òun náà ni. Ẹ tún ibi tó ti ní 'àwa' yẹn kà, Bàbá."

Mo tún un kà fún un ní ẹ̀ẹ̀mẹta.

Mo ní, "Ṣé kí n sọ fún un nípa ojú rẹ báyìí?"

"Rárá o! Ẹ tẹ o, kí ẹ tẹ k. Kó mọ síbẹ̀."

Mo tẹ o, mo tẹ k. Òun nìkan ni ìwé tí mo fi òyìnbó kọ láyé mi. Ó ní kí n bá òun fa aṣọ bo ẹsẹ̀, kí n lọ parí búláùsì Hajia tí mo ti gbé kalẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ méjì. Mo lọ rán an. Mo ń gbọ́ mímí rẹ̀ láti ibi tí mo jókòó sí.

Ó kú ní àárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀. A sin ín lọ́jọ́ náà, lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, ní itẹ́ òkú ní Tafo.